Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn (3SC)

Shooting Stars Sports Club, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí 3SC, jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òun ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1976. Òun náà ni ó kọ́kọ́ gba Ife CAF nígbà tí àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà dá ìdíje náà sílẹ̀ ní ọdún 1992. Ó ti gba líìgì Nàìjíríà ní ìgbà márùn-ún, èyíinì ni ní ọdún 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Àwọ̀ búlúù àti funfun ni a fi ń dá aṣọ rẹ̀ mọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ni ẹgbẹ́ náà, òun ni ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Bí a bá fi ìwé òfin nìkan wò ó, ohun ìní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni Shooting Stars. Ṣùgbọ́n láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́, láti Ìjẹ̀bú dé Òṣogbo, àwọn tí kì í san owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń pè é ní ẹgbẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà dàgbà jù ìpínlẹ̀ tí ó ni ín lọ. Owó gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ọdún tí ilẹ̀ náà pín sí mẹ́ta gan-an ni ó sì gba ife tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ nínú ìwé àti àwọn tí ó kà á sí tiwọn ni ó ṣe àlàyé ògo rẹ̀ àti ìṣòro rẹ̀.

Orírun: owó kòkó àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́

Ní ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìjọba ni ó ní ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó lágbára ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ tí ó kárí orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó, ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ẹgbẹ́ Railway, ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, sì gbà á léraléra lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá máa ń rí iṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní òwúrọ̀, yóò sì lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn: ẹgbẹ́ Ibadan Lions gba ife náà ní ọdún 1959, ó sì tún gbà á ní ọdún 1961.

Inú irú ètò yìí ni Shooting Stars ti jáde wá. Àjọ tí ó bí i ni àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí a ń fi lẹ́tà WNDC pè. Iṣẹ́ àjọ yìí ni láti dá ilé-iṣẹ́ àti oko ńláńlá sílẹ̀ fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, orísun ọrọ̀ ìjọba náà sì ni kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní Òǹdó, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Ìbàdàn àti agbègbè wọn. Irú owó yìí ni ìjọba náà fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, tí ó fi dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, tí wọ́n sì fi kọ́ pápá ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù WNDC jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èso kékeré ọrọ̀ kan náà. Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ yìí gba ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ sì ti kúrò ní ti òṣìṣẹ́ àjọ kan lásán.

Orúkọ tí ó ń yí padà

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ń yí padà bí ètò ìjọba ṣe ń yí padà. Ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ àjọ mìíràn tí ń rí sí ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀yáwó, tí a mọ̀ sí IICC. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà bá a lọ, ó sì di IICC Shooting Stars. Abẹ́ orúkọ yìí ni ó ti ṣe gudugudu méje jù lọ. Nígbà tí ó yá, lẹ́tà IICC kúrò, ó ku Shooting Stars nìkan. Ìkékúrú 3SC wá láti ara orúkọ náà ní kíkún, Shooting Stars Sports Club: lẹ́tà S mẹ́ta, C kan.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ní Yorùbá ni ìràwọ̀ tí ń já láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kì í sábà túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí i sí ohùn Yorùbá, wọ́n ń pè é ní “Ṣúùtìn”. Ẹgbẹ́ náà tún ní ìnagijẹ tí ó so ó mọ́ ìtàn ìlú rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí Àwọn Jagunjagun Olúyọ̀lé. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí Ìbàdàn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ ibùdó àwọn ọmọ ogun tí ó wá láti oríṣiríṣi ìlú Yorùbá. Orúkọ náà bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mu lọ́nà méjì: ó ń rántí ogun jíjà, ó sì ń rántí pé Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí àwọn àlejò àti onílé jọ kọ́.

Ọdún 1976

Ọdún 1976 ni ó da ìtàn ẹgbẹ́ náà rú, tí ó sì tún un tò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba ológun àpapọ̀ pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Àwọn ilé-iṣẹ́ àti ohun ìní tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Odù’a sílẹ̀ ní ọdún kan náà láti máa bójú tó wọn fún ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ dúró sí Ìbàdàn, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọdún náà ni IICC Shooting Stars kọ́kọ́ gba líìgì Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí ni ó tún tẹ̀ síwájú nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, ìdíje tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kejì. Ó lé Zamalek ti Íjíbítì jáde, ó sì pàdé Tonnerre ti Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, nínú àṣekágbá. Tonnerre kì í ṣe ẹran rírọ̀. Òun ni ó gba ife náà ní ọdún 1975, Roger Milla, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, sì wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìgbà náà. Ní Ìbàdàn, Shooting Stars fi góòlù mẹ́rin sí ọ̀kan borí. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre gbá góòlù kan wọlé, ṣùgbọ́n kò tó. Àpapọ̀ góòlù mẹ́rin sí méjì ni ó gbé ife wá sí Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láti lóye bí ìṣẹ́gun yìí ti rí lára àwọn ènìyàn, ó yẹ kí a rántí pé ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan ti sún mọ́ irú rẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Rangers ti Enugu dé àṣekágbá ìdíje àwọn olúborí líìgì ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n Hafia ti Conakry, ní Guinea, borí rẹ̀. Ohun tí orílẹ̀-èdè náà ti ń retí ni Shooting Stars mú wálé. Ní ti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, ife náà dé ní ọdún kan náà tí orúkọ ìpínlẹ̀ wọn parẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀. Ará Abẹ́òkúta ti di ará Ìpínlẹ̀ Ògùn, ará Àkúrẹ́ ti di ará Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń pè ní tiwọn kò pín. Bí wọ́n tilẹ̀ tún pín Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, tí wọ́n sì pín Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní ọdún 1996, ìfẹ́ àtijọ́ náà kò tẹ̀lé ààlà tuntun.

Shooting Stars àti Rangers

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn Shooting Stars kí a má dárúkọ Rangers. Ọdún 1970 ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀ ní Enugu, ní kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó sì di ẹgbẹ́ tí àwọn Ìgbò fi ń gbé orí sókè padà láàárín orílẹ̀-èdè. Nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pàdé ẹgbẹ́ tí àwọn Yorùbá kà sí tiwọn, ohun tí ó wà nílẹ̀ kọjá àmì mẹ́ta inú líìgì.

Ìpàdé tí ó le jù wáyé ní ọdún 1977. Shooting Stars ń gbèjà ife Áfíríkà tí ó gbà, Rangers sì wà nínú ìdíje kan náà. Àwọn méjèèjì bá ara wọn ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ìfòyà pé ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ pọ̀ débi pé Èkó àti Kaduna ni wọ́n ti gbá ìdíje náà, kì í ṣe Ìbàdàn tàbí Enugu. Kò sí góòlù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì. Pẹnáritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní Kaduna, Rangers ni ó sì borí. Rangers náà ni ó gba ife ní ọdún náà lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun Canon ti Yaoundé. Bẹ́ẹ̀ ni ife kan náà ṣe gba ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ Ìlà-Oòrùn láàárín ọdún méjì.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì so pọ̀. Nàìjíríà gbàlejò Ife Àwọn Orílẹ̀-Èdè Áfíríkà ní ọdún 1980, ó sì fi góòlù mẹ́ta sí òdo borí Àlùjéríà nínú àṣekágbá ní pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Shooting Stars. Balógun ikọ̀ tí ó gba ife náà lọ́wọ́ Ààrẹ Shehu Shagari ni Christian Chukwu, balógun Rangers. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gba ife yìí nìyẹn.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn kò parẹ́

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní ọdún 1952, Jos ni ó sì dàgbà sí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó wá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Polytechnic ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìlú yìí nìkan ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó máa ń sá gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kò sì sí ìkánjú nínú ohun tí ó bá ń ṣe. Ernest Okonkwo, gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni ó sọ ọ́ ní “Mathematical”, bí ẹni pé ó ti ṣe ìṣirò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí kí ó tó gbá a. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí di òní.

Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti bí Múdàṣírù Lawal ní ọdún 1954. Ó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rí kí bọ́ọ̀lù tó di iṣẹ́ rẹ̀. Àárín pápá ni àyè rẹ̀. Ó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, ó sì ń gbé e lọ síwájú láìsinmi. Ó ṣojú Nàìjíríà nínú Ife Àwọn Orílẹ̀-Èdè Áfíríkà márùn-ún tí ó tẹ̀ léra, láti ọdún 1976 dé 1984. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1991, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógójì ju oṣù kan lọ. Nínú ìgbé-ayé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù ti rí i pé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà olówó iyebíye lè gbé ènìyàn dé ibi gíga.

Àwọn mìíràn pọ̀. Best Ogedegbe ni aṣọ́lé Nàìjíríà nígbà tí ó gba ife ní ọdún 1980. Felix Owólabí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní “Owoblow”, ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Samuel Òjébọ̀dé jẹ́ ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbára lé lẹ́yìn. Àwọn ará Gánà, bíi Joe Appiah àti Philip Boamah, náà wà nínú ikọ̀ àwọn ọdún 1970. Wíwà wọn níbẹ̀ fi hàn pé ẹgbẹ́ tí àwọn Yorùbá kà sí tiwọn kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ọmọ Yorùbá nìkan lórí pápá. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ búlúù àti funfun náà ti di ọmọ ilé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Rashidi Yekini dé Ìbàdàn láti Kaduna. Ọ̀dọ̀ Shooting Stars ni gbogbo Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, kí ó tó lọ sí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta àti sí òkè òkun. Ó di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní ọdún 1993, òun ni ó sì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé wọlé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Góòlù 37 ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìbàdàn ni ó padà sí nígbà tí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì kú ní ọdún 2012.

Àṣekágbá mẹ́ta: 1984, 1992 àti 1996

Lẹ́yìn ọdún 1976, ife tí ó jẹ Shooting Stars lógún jù ni ti àwọn olúborí líìgì Áfíríkà. Ó dé àṣekágbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Zamalek ni ó sì dènà rẹ̀ nígbà méjèèjì. Ní ọdún 1984, Zamalek fi góòlù méjì sí òdo borí ní Cairo, ó sì tún fi ọ̀kan sí òdo borí ní Èkó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó gbẹ́yìn yìí náà ni Ọdẹ́gbàmí fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1996, ìrètí tún sọjí. Shooting Stars borí ní Ìbàdàn pẹ̀lú góòlù méjì sí ọ̀kan, Zamalek sì borí ní Cairo pẹ̀lú iye kan náà. Pẹnáritì ni ó yanjú rẹ̀, márùn-ún sí mẹ́rin, fún àwọn ará Íjíbítì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni CAF tún ìdíje náà ṣe, tí ó sọ ọ́ di líìgì àwọn olúborí. Nítorí náà, pẹnáritì kan ṣoṣo ni ó ya Shooting Stars sọ́tọ̀ kúrò lára ife àtijọ́ náà kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó tì.

Láàárín ìjákulẹ̀ méjèèjì ni ayọ̀ ọdún 1992 wà. CAF ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìdíje kẹta sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kejì nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn. Ife tí wọ́n fi lélẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Olóyè Moshood Abíọ́lá, ọlọ́rọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta tí ó fẹ́ràn eré ìdárayá. Shooting Stars àti Villa ti Ùgáńdà kò gbá góòlù sí ara wọn ní Kampala, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn góòlù mẹ́ta sí òdo ni. Ife tí a fi orúkọ ọmọ Yorùbá pè sì di ti ẹgbẹ́ Ìbàdàn ní ọdún tí a kọ́kọ́ du ú. Ìdíje yìí àti èyí tí Shooting Stars gbà ní ọdún 1976 ni CAF pa pọ̀ ní ọdún 2004 láti dá Ife Confederation sílẹ̀.

Pápá ìṣeré méjì

Pápá méjì ni ó so mọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ ni Liberty, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti gbèjà àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé lọ́dọ̀ Gene Fullmer ní ọdún 1963, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n ti gbá díẹ̀ nínú ìdíje Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1999. Ní ọdún 2010, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Èkejì ni pápá Adámásingbà, tí ó wà láàárín ìlú gan-an, tí ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì, ògúnná gbòǹgbò nínú àwọn tí ó fi owó àti ara ti Shooting Stars lẹ́yìn. Adámásingbà ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ilé ní àkókò yìí. Nígbà tí ìdíje bá wà, àwọn tí ó ti Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá àti Ọjà’ba jáde lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìsúnmọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ìlù, orin àti aṣọ búlúù máa kún àdúgbò náà kí rẹfirí tó fun fèrè.

Ta ni ó ni ẹgbẹ́?

Ìbéèrè tí ó ti ń tẹ̀ lé Shooting Stars láti ọdún 1976 ni ti ẹni tí ó ni ín. Owó ìjọba ni ó ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìjọba ni ó ń yan àwọn alákòóso, ìyípadà nínú ìjọba sì sábà máa ń mú ìyípadà bá àwọn tí ń darí ẹgbẹ́. Bí àpò ìjọba bá gbẹ, owó oṣù á falẹ̀, àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù á sì wá ibòmíràn lọ. Ẹgbẹ́ náà ti já bọ́ sí ìpele kejì líìgì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó já bọ́ ní ọdún 2017, kò sì padà sí ìpele àkọ́kọ́ títí di ọdún 2021.

Àwọn kan gbà pé kí ìjọba fi ẹgbẹ́ náà lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Ìtàn bọ́ọ̀lù ní Ìwọ̀-Oòrùn kò sọ pé ọ̀nà yìí rọrùn. Ní àwọn ọdún 1980, Ìbàdàn ní ẹgbẹ́ mìíràn tí ó lówó lọ́wọ́, Leventis United, tí ilé-iṣẹ́ Leventis dá sílẹ̀, tí ó sì gba líìgì ní ọdún 1986. Abẹ́òkúta ní Abiola Babes, tí Olóyè Abíọ́lá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, tí ó gba ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà ní ọdún 1985 àti 1987. Nígbà tí ẹni tí ó ni wọ́n káwọ́ kúrò, ẹgbẹ́ méjèèjì pa rẹ́. Shooting Stars tí àwọn ènìyàn ń ráhùn nípa rẹ̀ ni ó ṣì wà láàyè. Ìjọba kì í jẹ́ kí ó yó, kì í sì í jẹ́ kí ó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ń sọ ẹni tí ó ni wọ́n: AS Douanes jẹ́ ti àwọn aṣọ́bodè, AS FAN jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun, US Gendarmerie sì jẹ́ ti àwọn jẹ́ńdámù. Ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ó bí WNDC ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ní Kùmásì, ní Gánà, Asante Kotoko, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1935, wà lábẹ́ àṣẹ Asantehene, ọba àwọn Ashanti. Ìdánimọ̀ agbègbè àti ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan náà.

Ní òdìkejì òkun, ní Salvador ti Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, níbi tí àwọn ọmọ ìran Yorùbá pọ̀ sí, ẹgbẹ́ Esporte Clube Bahia gba ọ̀nà mìíràn. Ọdún 1931 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Òun ni ó gba ife ẹ̀yẹ Bràsíl ti ọdún 1959 mọ́ Santos, ẹgbẹ́ Pelé, lọ́wọ́, ó sì tún gba ti ọdún 1988. Bíi ti Shooting Stars, ó jẹ́ àsíá agbègbè kan tí ó ń bá àwọn ìlú olówó gúúsù orílẹ̀-èdè rẹ̀ du ipò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń san owó ìforúkọsílẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbò wọn ni ó sì fàyè gba City Football Group, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Manchester City, láti gba ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ọdún 2023. Àwọn olólùfẹ́ Shooting Stars kò ní irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, lórí rédíò àti ní ìdí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn. Agbára wọn kò ju pé kí wọ́n wá tàbí kí wọ́n má wá.

Ìdánimọ̀

Ẹgbẹ́ mìíràn wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀. Stationery Stores ti Èkó, tí Israel Adébájò dá sílẹ̀, bá Shooting Stars du ọkàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjàngbọ̀n Èkó àti Ìbàdàn sì máa ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Èkó ni Stores. Shooting Stars ni ó jogún agbègbè.

Ohun mẹ́ta ni ó fa èyí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí owó rẹ̀ ti wá: gbogbo àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ní ọwọ́ nínú àjọ tí ó bí i. Èkejì ni àwọn tí ó gbé e ga: ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọdẹ́gbàmí àti Lawal, ilẹ̀ Ìbàdàn sì ni wọ́n ti di ẹni ńlá. Ẹ̀kẹta ni rédíò. Kí tẹlifíṣọ̀n tó di ohun gbogbo ilé, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ó ń gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ìbàdàn dé abúlé tí kò sí ẹni tí ó rí pápá ìṣeré rí. Ọmọ tí ó gbọ́ orúkọ Múdà Lawal lẹ́nu rédíò bàbá rẹ̀ ní Òǹdó kò béèrè ìpínlẹ̀ tí ń san owó oṣù rẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìbàdàn mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea ju ti Shooting Stars lọ. Àwọn tí ó bá sì mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Adámásingbà kì í pẹ́ kí wọ́n tó wá ọ̀nà òkè òkun. Irú ikọ̀ tí Ọdẹ́gbàmí lò ní ọdún mẹ́rìnlá, nínú èyí tí gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan dàgbà láàárín àwọn tí ń pariwo orúkọ rẹ̀, ṣòro láti tún kó jọ nínú ètò bọ́ọ̀lù òde òní. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ náà padà sí ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún 2021, àwọn èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún Adámásingbà, àgbàlagbà tí ó rántí Tonnerre jókòó pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà ti gba líìgì gbẹ̀yìn ní ọdún 1998.